Bàbá Gbé-e-Wálẹ̀ àti Àtẹ̀gùn Mọ́kànlélógójì

Ìtàn tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Bàbá Gbé-e-wálẹ̀ ni ti ọjọ́ tó kó èèyàn mẹ́tàdínlógún jọ, tó gbé pátákó lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, tó sì kó gbogbo wọn lọ fẹ̀hónú hàn níwájú ọ́fíìsì kánsù lọ́jọ́ ìsinmi. Géètì wà ní títì, fèrèsé wà ní títì, kò sí ẹnì kankan nínú ọgbà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì nìkan ló jókòó, ó ti bọ́ bàtà, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀.

"Bàbá, òní mà kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ o," ẹ̀ṣọ́ náà wí.

Bàbá wo géètì. Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìpàdé ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá la máa fi dúró níbí," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń ṣiṣẹ́ lónìí?"

"Èmi ń ṣiṣẹ́ ní tèmi, sà."

"Ó parí nìyẹn. Ìwọ ni kánsù tòní. Wọ bàtà rẹ."

Ẹ̀ṣọ́ wọ bàtà. Bàbá ka ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i létí láti òkè délẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin gbáko, kò fo ìlà kan. Àwọn mẹ́tàdínlógún gbé pátákó sókè, wọ́n ń pariwo "Ẹ gbé e wálẹ̀! Ẹ gbé e wálẹ̀!" sí fèrèsé tí kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí aago méjìlá lù, Bàbá bi ẹ̀ṣọ́ léèrè bóyá ó ní ìbéèrè. Ẹ̀ṣọ́ ní òun ní ẹyọ kan péré: ṣé òun lè bọ́ bàtà báyìí?

Ṣúmẹ́kà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ló sọ ìtàn náà báyìí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, nígbà tí ẹgbẹ́ pé jọ láti rántí rẹ̀. Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n yá lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde lọ́sàn-án, àwọn bẹ́ǹṣì ibẹ̀ sì kúrú débi pé orúnkún àgbàlagbà ń kan àgbọ̀n. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n ń nu ojú. "Káfíńtà tó lè fojú lásán wọn igi kó má yẹ̀," Ṣúmẹ́kà ní, "òun ni kò lè wo kàlẹ́ńdà!"

Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin tí Bàbá bí gbẹ̀yìn, jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òun náà la ẹnu, ó fi eyín hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá ètè. Bàbá òun mọ kàlẹ́ńdà wò. Àti pé ó béèrè. Lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú ìfẹ̀hónúhàn náà, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní, "Àbíkẹ́yìn mi, mo gbọ́ fìrìfìrì pé wọ́n fẹ́ fún wa ní ìsinmi lọ́jọ́ Ajé. Ṣé òótọ́ ni?" Kánsù yẹn gan-an ni Àbíkẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́, ní tábìlì tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà. Ìwé ìkéde ìsinmi wà nínú báàgì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó ní, "Irọ́ ni, Bàbá. A máa ṣí."

Ọdún mẹ́rin rèé. Kò sí ẹni tó mọ̀. Bó bá dákẹ́ lónìí, bí wọ́n ṣe máa rántí bàbá rẹ̀ títí ayé nìyẹn: arúgbó kan tí kò mọ ọjọ́ yàtọ̀ sí ọjọ́. Òkú kì í gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu èèyàn. Ó kù sọ́wọ́ òun nìkan.

Kí ló mú un parọ́? Ìtìjú ni. Ká má pè é lórúkọ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe Bàbá sí ilé ìwòsàn pé kó wá tún ilẹ̀kùn kan ṣe. Nọ́ọ̀sì àti dókítà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá káàdì wà lókè. Bí o bá ń ṣàìsàn, wàá kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì lọ gba káàdì, wàá tún sọ̀ kalẹ̀ wá bá nọ́ọ̀sì, ìyẹn bí àìsàn náà bá gbà fún ọ. Bàbá bá ìyá alágbàfọ̀ kan lórí àtẹ̀gùn kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó jókòó, ó di orúnkún mú, ó ń sunkún láìpariwo. Bàbá sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, ó gòkè lọ bá akọ̀wé káàdì.

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé yàrá yìí wálẹ̀?"

"Ibí ló máa ń wà, Bàbá."

"Mo gbọ́. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wálẹ̀?"

"Mo ní ibí ló máa ń wà."

Bàbá wo inú yàrá náà: tábìlì kan, àga kan, kọ́bọ́ọ̀dù méjì. Ogójì ọdún ló ti fi ṣiṣẹ́ káfíńtà, kò tíì rí tábìlì tó kọ̀ pé òun ò ní ṣí kúrò lójú kan. Bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sì di ohun ìgbàgbé. Kódà ẹni tó fẹ́ kó bá òun ṣe àga á kan ilẹ̀kùn pé, "Ṣé Bàbá Gbé-e-wálẹ̀ wà ńlé?"

Òfin kan ló fi lélẹ̀ nínú ẹgbẹ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí kò lè ṣàlàyé. Ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Télọ̀ kò tilẹ̀ dá máṣíìnì dúró, ó na ọwọ́ pé kí Bàbá mú bírò wá.

"Kí lo fẹ́ fọwọ́ sí?"

"Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́, Bàbá wa."

"Èmi kọ́. Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ lè máa lọ."

Bàbá ká ìwé rẹ̀ nílẹ̀, ó lọ. Ọdún kan gbáko ló fi gba orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ onímọ́tò fẹ́ kí wọ́n tún ibùdókọ̀ ṣe, wọ́n kó orúkọ ẹgbẹ̀rún méjì jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òkú mẹ́rin sì wà nínú wọn. Ṣúmẹ́kà wá fẹjọ́ sùn: "Bàbá, àwọn onímọ́tò ti fi wá sẹ́yìn o." Bàbá ní, "Mo gbọ́. Bí wọ́n bá pe àwọn òkú mẹ́rin yẹn wá sọ tẹnu wọn, kí ni wọ́n máa wí?" Ṣùgbọ́n nígbà tí oníwèé ìròyìn kan wá bi ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta léèrè ọ̀rọ̀, bàbá arúgbó tí etí rẹ̀ wúwo ni, ó fi wákàtí kan àbọ̀ ṣàlàyé. Oníwèé ìròyìn ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó máa lọ.

Nígbà tó yá, Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ nọ́ńbà sára àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, láti orí ení títí dé orí mọ́kànlélógójì. Sára ẹ̀kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó kọ ọ́ pé: IBÍ NI ÌYÁ ALÁGBÀFỌ̀ TI JÓKÒÓ SUNKÚN. Wọ́n fọ̀ ọ́ dànù. Ó tún un kọ. Wọ́n tún un fọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, agbálẹ̀ ilé ìwòsàn dúró dè é pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá, kì í ṣe kánsù ló ń fọ̀ ọ́ o. Èmi ni. Ẹ̀yìn mi ni."

Ara Bàbá bù máṣọ. Kò tíì rò ó rí pé ẹlòmíì ló ń san gbèsè ìjà òun. Láti ọjọ́ yẹn, á dé láàárọ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, á fọ àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì tán pátápátá, á nu wọ́n gbẹ, á sì wá jókòó tún gbogbo nọ́ńbà náà kọ. Ilé ìwòsàn náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Agbálẹ̀ di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ó sì ṣàlàyé ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ju Bàbá tó jẹ́ alága lọ.

Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ni ọmọ alága.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá ń mú lẹ́tà wá sí kánsù. Á tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn, pẹ́ńsùlù káfíńtà lẹ́yìn etí, ẹ̀rún igi lórí fìlà. Bó bá kàn án, á ṣí fìlà fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà. Mo mú ìwé wá." Lójú tirẹ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ ni. Lójú Àbíkẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, á bọ́ síbẹ̀ tìdùnnútìdùnnú. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ìwé bo ẹnu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá jáde láti yàrá inú. "Ta ni bàbá oní-pẹ́ńsùlù tó ń yọ wá lẹ́nu yìí? Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá o, sà," Àbíkẹ́yìn dáhùn. "Àdúgbò wa ló kàn ń gbé."

Bàbá kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Ó yíjú padà, ó ṣí fìlà. "Òótọ́ ni wọ́n sọ, sà. Aládùúgbò ni wá. Ọmọlúàbí ni wọ́n." Ó sì jáde.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni ẹgbẹ́ pinnu láti wá fẹ̀hónú hàn. Àbíkẹ́yìn rí i lọ́kàn rẹ̀: bàbá rẹ̀ níwájú fèrèsé, ọ̀gá lẹ́yìn fèrèsé, ẹnì kan á sì sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé, "Ṣebí bàbá rẹ nìyẹn?" Nígbà tí ìkéde ìsinmi jáde, ó dà bí ìdáǹdè. Bí wọ́n bá wá lọ́jọ́ tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ó ní, wọ́n á wá, wọ́n á lọ, kò ní sẹ́ni tó rí wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ní kánsù á ṣí; irọ́ kejì nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi náà, ó jókòó sílé. Bàbá wọlé, oòrùn ti pa ojú rẹ̀ dà. Ó bọ́ bàtà, ó mu omi. "Ọgbà ọ́fíìsì yín mọ́ tónítóní," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́." Àbíkẹ́yìn ń retí ìbéèrè. Ó retí i lọ́jọ́ kejì, ó retí i lọ́sẹ̀ kejì. Ọdún mẹ́rin ló fi retí i, Bàbá kò béèrè.

Ọ̀gá gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ẹ̀ṣọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó mú fáìlì ẹgbẹ́ náà, ó kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé: "Àwọn tí kò mọ ọjọ́ ìsinmi kò lè kọ́ wa ní ètò ilé ìwòsàn. Ẹ fi í pamọ́." Àbíkẹ́yìn ló fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ó ku ibì kan tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí àìsàn tó mú Bàbá lọ bẹ̀rẹ̀, Àbíkẹ́yìn ló mú un lọ sílé ìwòsàn. Akọ̀wé káàdì rí i láti òkè, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ gòkè. Mo ti mú tiyín wá."

"Ṣé gbogbo èèyàn lẹ ó máa mú un wá fún báyìí?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan."

"Ẹ dá a padà sókè, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń bọ̀."

Ó gùn ún. Ọmọ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, apá náà ti fúyẹ́. Lórí àtẹ̀gùn kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n jókòó. Bàbá mí, mí, mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àbíkẹ́yìn mi, mo mọ̀ pé mo ti kó ìtìjú bá ọ níbi iṣẹ́. Má bínú." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Àbíkẹ́yìn sọ wá sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, Àbíkẹ́yìn sì sún kúrò lọ́nà fún un. Nígbà tí obìnrin náà kọjá, Bàbá ti dìde. Kò sí ìgbà mìíràn mọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló kú sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí.

Nínú kíláàsì, Ṣúmẹ́kà ti fẹ́ tún ìtàn géètì sọ fún àwọn tó pẹ́ dé. Àbíkẹ́yìn dìde lójijì, bẹ́ǹṣì kékeré náà há mọ́ ọn, ó bá a dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́," ó ní. "Bàbá mi kò gbàgbé. Wọ́n bi mí. Mo mọ̀ pé ìsinmi ni, mo ní irọ́ ni, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀gá mi rí wọn. Ojú wọn ló ń tì mí. Èmi ni mo sọ wọ́n di ẹlẹ́yà, mo sì ti bá yín rẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́rin." Ó jókòó, ó fi ọwọ́ bojú.

Ìyá alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ wúkọ́.

"Èmi mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi ni," ó ní.

"Ẹ̀n?"

"Ilé ìwé àwọn ọmọ-ọmọ mi ò ṣí. Gbogbo wọn wà nílé, wọ́n ń da ilé rú. Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀?"

Agbálẹ̀ ní òun náà mọ̀. Ojú gbogbo wọn wá yí sí Ṣúmẹ́kà. Ṣúmẹ́kà ń wo bàtà rẹ̀ bíi pé oníbàárà ló gbé e wá fún àtúnṣe. "Mo gbọ́ ọ nínú rédíò," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kéde ẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi lọ?" Àbíkẹ́yìn béèrè.

"Ó ní òun ti wádìí," ìyá alágbàfọ̀ dáhùn. "Ta ló fẹ́ kò ó lójú pé kò wádìí dáadáa? Èjìká ń dùn mí nígbà yẹn. Ó gé igi pátákó tèmi kúrú, ó fá a kó lè fúyẹ́. Mo wo pátákó yẹn, mo ní, bó bá jẹ́ inú igbó ló ń lọ, màá tẹ̀ lé e."

"Lẹ́yìn tá a dé," Ṣúmẹ́kà ní, "mo bi Bàbá léèrè ẹni tó sọ fún wọn pé kánsù á ṣí. Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan, pé àwọn ni àwọn ò wò ó dáadáa. Èmi tí mo mọ̀ tí mo dákẹ́, èmi náà ni mò ń fi wọ́n ṣàwàdà káàkiri." Ìtìjú wá pọ̀ nínú kíláàsì náà tó fi jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan rí tirẹ̀ mú.

Ìyá alágbàfọ̀ kò jẹ́ kí ó pẹ́ jù. "Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Àwa dákẹ́, ìwọ parọ́. Kì í ṣe ọ̀kan náà."

"Mo mọ̀, mà."

"Yàrá káàdì ṣì wà lókè. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí lo fẹ́ ṣe?"

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ. Ṣúmẹ́kà wo kàlẹ́ńdà mẹ́ta, ó gbọ́ rédíò láàárọ̀, ó tún lọ bi olórí ilé ìwé léèrè. Nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀ níta, Àbíkẹ́yìn gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ dúró sí àárín wọn. Ọ̀gá jáde, ó rí i.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá oní-pẹ́ńsùlù, bàbá mi ni, sà. Mo parọ́ fún yín. Èmi náà ni mo sọ fún wọn pé a máa ṣí lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, wọ́n sì gbà mí gbọ́."

Ọ̀gá bi í léèrè pé, "Lẹ́tà mélòó lo gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Igba ó lé mẹ́tàlélógún, sà."

"Ṣé o kà wọ́n?"

"Mo fi òǹtẹ̀ lù wọ́n, sà." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mi ò ka ọ̀kan."

Ọ̀gá náà kò ka ọ̀kan rí. "Kí gan-an lẹ fẹ́?" ó béèrè. Ìyá alágbàfọ̀ sọ fún un. Agbálẹ̀ tún un sọ. Ẹni tí etí rẹ̀ wúwo yẹn ti ń tún ohùn ṣe kó lè bẹ̀rẹ̀ àlàyé tirẹ̀, nígbà tí ọ̀gá sáré gbà pé òun á lọ fojú ara òun rí i. Ó gun àtẹ̀gùn náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ní láti orí ọgbọ̀n ló ti ń di ara ògiri mú.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé tábìlì kan, àga kan àti kọ́bọ́ọ̀dù méjì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n parí ní aago mọ́kànlá. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ wákàtí méjì.

Àbíkẹ́yìn gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá wò ó. Arúgbó kan ni ó kọ́kọ́ gba káàdì nísàlẹ̀. Ó gbà á, ó fi í fẹ́ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.

"Ibí yìí gbóná jù," ó ní. "Ta ló ní kí wọ́n gbé e wá síbí?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ó dáa. Sọ fún un pé ó gbóná."

Ẹ̀rín gba Àbíkẹ́yìn mú, ó rín in títí ó fi di etí tábìlì mú, kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. "Màá sọ fún wọn, sà," ó ní. "Wọ́n á fẹ́ gbọ́ ọ gan-an." Ó nu ojú, ó di apá arúgbó náà mú, wọ́n jọ rìn lọ bá nọ́ọ̀sì. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.